Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Wíwo Ìwọ̀n Iná Inú Bátìrì Sólà

Ẹ má gba iye V (fóltì, ìyẹn agbára tó ń ti iná) tí mítà ń kà gbọ́ nígbà tí bátìrì bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí sólà bá ń rọ iná sínú bátìrì 12V lọ́wọ́, mítà lè ka 14.2V nígbà tí bátìrì ò tíì kún rárá. Bí fíríìjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ó lè já wá sí 11.9V, kí ẹ sì rò pé iná ti tán. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń jẹ iná, ẹ yọ bátìrì kúrò lójú sólà àti ṣájà, kí ó sinmi fún bíi wákàtí mẹ́rin kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Bátìrì lead-acid tó ti sinmi, tó kún, máa ń wà ní 12.6V sí 12.7V. 12.2V ni ìdajì. Bí ó bá ń lọ sísàlẹ̀ ìdajì lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ bàjẹ́. Ẹ má fi ìwọ̀n yìí wo lithium LiFePO4 o: 12.6V tó túmọ̀ sí pé lead-acid kún, lithium ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Láàárín nǹkan bíi 30% sí 90%, V lithium kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí náà mítà V nìkan kò wúlò fún un.

Mítà tó ní shunt (irin kékeré tí iná bátìrì ń gba inú rẹ̀ kọjá kí mítà lè kà á), tó ń ka iná tó wọlé àti èyí tó jáde, ló dára jù. Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni wáyà. Wáyà ńlá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà lórí nẹ́gétíìfù bátìrì, èyí tó lọ sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì lára shunt. Gbogbo nẹ́gétíìfù yòókù, ti ínfátà, ti kọńtírólà sólà, títí kan èyí tó lọ sára irin ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ni kí ẹ so wọ́n mọ́. Bí ti kọńtírólà bá ṣì wà lórí bátìrì, mítà ò ní rí iná tó ń wọlé. Á máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé 0% nígbà tí bátìrì kún. Bí ó bá jẹ́ ti ínfátà ni, 100% ló máa ń kà títí iná á fi kú mọ́ yín lórí. Èyí gan-an ló burú jù.

Ẹ má fi iye Ah (áḿpíà-wákàtí, ìyẹn bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó) tó bá mítà wá látilé iṣẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bátìrì 12V 200Ah méjì tí a so tẹ̀ léra di 24V 200Ah, kì í ṣe 400Ah. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún mítà ìgbà tí bátìrì kún: bí ṣájà bá ń gbé bátìrì 12V dé 14.4V, ẹ fi sí 14.2V, kí áḿpíà tó ń wọlé sì ti sọ̀ sí bíi 4% iye Ah bátìrì, ìyẹn 8A fún 200Ah. Ẹni tó bá fi sí 13.2V, mítà rẹ̀ á fò sí 100% ní gbogbo òwúrọ̀ tí oòrùn bá ti yọ. Tí bátìrì kò bá sì kún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àṣìṣe kéékèèké á máa gorí ara wọn, tí iye tí mítà ń kà kò fi ní ṣeé gbára lé mọ́.

Fún bátìrì tí a so tẹ̀ léra, ẹ wọn ìkọ̀ọ̀kan. 25.0V lè jẹ́ 12.7V àti 12.3V, èyí tó rẹlẹ̀ yẹn ló máa kọ́kọ́ kú.