Ẹ Gbé Ìka Kúrò Lórí Bọ́tìnnì Eré: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Fẹ́ Gbá Gèèmù Bíi Bọ́ọ̀lù Gidi

Ṣọ́ọ̀bù gèèmù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní Adó-Èkìtì ti kọ́ gèèmù bọ́ọ̀lù. Àjìlósùn ni mo ti kọ́ tèmi, nínú yàrá kótópó kan tí tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin wà, tí jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn fèrèsé. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tí wọ́n bá nà ló máa sanwó, òun náà ló sì máa dìde. Bí èèyàn márùn-ún bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ẹni, tí gbogbo wọn ń retí kí wọ́n na onítọ̀hún, ta ló máa ráyè ro bí bọ́ọ̀lù ṣe ń rí lórí pápá? Ikọ̀ tó yára jù la máa mú. A ó tẹ bọ́tìnnì eré, èyí tó ń mú kí agbábọ́ọ̀lù sá eré àsápajúdé, mọ́lẹ̀, a ó sá gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ dé òpin pápá, a ó gbá a padà sí àárín, ẹnì kan á tì í wọlé. Ó di ọ̀kan. A ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, owó ló wà níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú wa ti ní ẹ̀rọ tiwa nílé, kò sẹ́ni tó dúró sẹ́yìn wa mọ́, síbẹ̀ a ṣì ń gbá a bíi pé wọ́n fẹ́ lé wa dìde. Kò ní pẹ́ tí gèèmù náà á fi sú wa, a ó ní tọdún yìí kò dáa, a ó máa retí tọdún tó ń bọ̀. Ọwọ́ wa ló ń ba á jẹ́. Gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí ni mo ti ṣe rí, ọdún mélòó kan ni mo sì fi ṣe wọ́n kí n tó mọ̀ pé àṣìṣe ni.

Èyí tó burú jù ni bọ́tìnnì eré. R2 ni lórí páàdì PlayStation fún ẹni tó ń gbá EA Sports FC. Àwa tó gbá PES, gèèmù bọ́ọ̀lù mìíràn, láyé ọjọ́un, R1 ni tiwa. A máa ń tẹ̀ ẹ́ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ títí rẹfirí á fi fọn fèrè. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára pápá ìṣeré wa ní Adó, Olúyẹmí Káyọ̀dé, sárésáré ni. Ó wà lára àwọn mẹ́rin tó gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré 4x100 ní Òlíńpíìkì Barcelona lọ́dún 1992. Ọ̀gbẹ́ni yẹn, tó jẹ́ pé eré sísá niṣẹ́ rẹ̀, tó bá sá nǹkan bí 100 mítà tirẹ̀ tán, ó máa gbé ọ̀pá fún ẹlòmíì ni. Àwa wá ní kí wíńgà wa máa sá fún 90 ìṣẹ́jú.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, bọ́ọ̀lù á kúrò lẹ́sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù yín, á fò síwájú ní bí ìṣísẹ̀ méjì. Láàárín ìgbà tí bọ́ọ̀lù wà níwájú tí ẹsẹ̀ kò tíì bá a yìí, ẹ ò lè yà, ẹ ò lè dúró, ẹ ò sì lè gbé e fún ẹnikẹ́ni. Dìfẹ́ńdà tó mọ̀ ọ́n gbá kò ní wulẹ̀ bá yín sáré, á kàn fi ẹsẹ̀ sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Tó bá sì di ìṣẹ́jú 65, ẹ ó rí i lórí ìlà kékeré tó ń fi agbára hàn lábẹ́ orúkọ rẹ̀ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ohun tí mo ní kí àbúrò mi ṣe ni kó gbá odindi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan láìfọwọ́ kan R2 rárá. Ìdajì àkọ́kọ́ le fún un, wọ́n sì gbá méjì wọlé fún un. Nígbà tó di ìdajì kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba bọ́ọ̀lù, ó ń dúró, ó ń wò. Ó gbé e padà sẹ́yìn fún mídífíìdì. Ó pariwo, "Bọ̀ọ̀dá mi, àyè wà lọ́wọ́ òsì!" Ọjọ́ pẹ́ tí àyè yẹn ti ń wà níbẹ̀, eré sísá ni kò jẹ́ kó rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè wá máa tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ níwájú yín lóòótọ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà 20 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan báyìí, ó pọ̀.

Àṣìṣe kejì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ti gbọ́ pé ó yẹ kí gèèmù dà bí ojúlówó. Wọ́n á gbé ìpele bó ṣe máa le tó lọ sókè pátápátá, sí Legendary tàbí Ultimate, wọ́n á ní ó ti di bọ́ọ̀lù gidi. Rárá o. Ó le ni, kò jọ bọ́ọ̀lù. Ní ìpele yẹn, ikọ̀ tó wà nísàlẹ̀ líìgì á máa gbé bọ́ọ̀lù kiri bíi Barcelona, ẹ ò ní rí ẹnì kan lára wọn tó ṣi bọ́ọ̀lù gbé. Lórí pápá gidi, àwọn èèyàn máa ń ṣi bọ́ọ̀lù gbé, ó máa ń ta mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n máa ń gbá a lọ sí ojú ọ̀run. World Class tó rẹlẹ̀ sí wọn ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, Professional tó tún rẹlẹ̀ sí i náà kò sì burú. Àwọn òǹkà tí wọ́n ń pè ní slider ni kí ẹ lọ tún ṣe nínú ètò gèèmù náà. 50 ni gbogbo wọn máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi kún àṣìṣe gbígbé bọ́ọ̀lù, Pass Error, tiyín àti ti kọ̀ǹpútà. Ẹ fi kún àṣìṣe gbígbá bọ́ọ̀lù sílé, Shot Error. Ẹ dín eré sísá kù díẹ̀, èmi fi tèmi sí 46. Ẹ má sì pa ìfarapa kú. Ẹni tí síráíkà rẹ̀ kì í fara pa kò ní mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ṣe láéláé.

Ìkìlọ̀ kan lórí slider yìí: ẹ má rí òǹkà ẹlòmíì kí ẹ wá da gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ yín lọ́jọ́ kan. Bí ọbẹ̀ kò bá dùn tí ẹ bu iyọ̀, ata àti epo sí i lẹ́ẹ̀kan náà, báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó bà á jẹ́? Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ yí, kí ẹ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún, kí ẹ tó yí òmíì.

Àkókò náà ńkọ́? Ẹ lè fi ìdajì kan sí ìṣẹ́jú 20, inú àwọn kan á dùn pé ó ti sún mọ́ 45. Bí ẹ ò bá tíì tún slider ṣe, ayò mẹ́sàn-án sí mẹ́fà lẹ máa fi parí. Nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2022, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 64 ni wọ́n gbá, góòlù 172 ló wọlé. Tí ẹ bá pín in, kò pé mẹ́ta fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ní 1994, níbi tí Super Eagles ti kọ́kọ́ lọ, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 52, góòlù 141, ibì kan náà ló já sí. Ohun tí mo fi ń wọn tèmi nìyẹn. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá, mo máa ń ṣírò gbogbo góòlù tó wọlé nílé mi àti nílé wọn. Tó bá wà láàárín 25 sí 30, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá di 50, mo dín àkókò kù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ìdajì kan ló bá mi lára mu.

Ẹ yẹ ètò páàdì yín wò pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ Assisted ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹ̀rọ ló ń bá yín wá ẹni tí bọ́ọ̀lù máa bá. Ẹ gbé e sí Semi, kó lè jẹ́ pé díẹ̀ ni ẹ̀rọ á máa bá yín ṣe.

Àṣìṣe kan wà tí kì í hàn sí ẹni tó ń ṣe é, ẹ̀yìn ló wà. Síráíkà wọn gba bọ́ọ̀lù, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé wa, kò tíì lè ṣe nǹkan kan. Ara wa ò gbà á. A yí sọ́dọ̀ dìfẹ́ńdà àárín, a sá jáde lọ bá a. Síráíkà náà rọra tì í padà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, onítọ̀hún gbé e gba ihò tí dìfẹ́ńdà wa fi sílẹ̀, aṣọ́lé nìkan ló kù. A ó wá máa bínú pé dìfẹ́ńdà yẹn ò dáa, ká tà á. Kí ló ṣe? Àwa la mú un kúrò ní ààyè rẹ̀. Mídífíìdì tó dúró níwájú àwọn dìfẹ́ńdà ni kí ẹ máa darí, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì L2 kó lè máa rìn ní ìrọ̀rùn, kí ẹ dí ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù fẹ́ gbà. Ẹ fi àwọn tó wà lẹ́yìn sílẹ̀ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn.

Líìgì ilẹ̀ wa kò sí nínú EA Sports FC, nítorí náà kò sí bí a ṣe máa mú ikọ̀ Èkìtì. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ máa ń mú ikọ̀ kan ní League Two, ìpele kẹrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbẹ̀rẹ̀ náà dáa. Kí ló dé tí Mbappe fi máa ń wà níbẹ̀ kí sáà kẹta tó parí? Èmi kì í ra ju ẹni mẹ́ta lọ lọ́dún, ọ̀kan nínú wọn kò gbọ́dọ̀ tíì pé ọmọ 20 ọdún, mi ò sì ń ra ẹni tí máàkì tí gèèmù fún un fi ju márùn-ún lọ ga ju ti ẹni tó dáa jù nínú ikọ̀ mi lọ. Ẹ tún wo iye tí síráíkà yín ń gbá wọlé. Erling Haaland gbá 36 wọlé nínú líìgì ní sáà 2022/23, kò sì sẹ́ni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ rí nínú sáà kan ní Premier League ṣáájú rẹ̀. Bí tiyín bá gbá 70, ẹ padà sídìí slider.

Ó wá ku èyí tó ṣòro jù láti fi sílẹ̀, ìyẹn títún un bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti nà wá tán, ó ku ìṣẹ́jú méjì, a ó pa ẹ̀rọ, a ó tún un gbá. Mo mọ ẹni tó gba líìgì lọ́dún mẹ́rin tẹ̀léra tí wọn ò nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì rántí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan nínú gbogbo rẹ̀. Leicester City tó gba Premier League ní 2015/16, tí gbogbo ayé ṣì ń sọ ọ́, wọ́n ta ọ̀mì méjìlá, wọ́n sì nà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Argentina gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2022, àmọ́ Saudi Arabia ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ayò méjì sí ọ̀kan ni wọ́n sì fi na àwọn Messi. Ká ní Messi ní bọ́tìnnì tó lè fi tún un bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó sì tẹ̀ ẹ́, kí ló máa kù nínú ìtàn yẹn?

Ọ̀rọ̀ iná wà níbẹ̀ o. Bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú 80, tí íńfátà kò gbé e, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn ti bọ́ sọnù, kò sì sẹ́bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé tó bá jẹ́ èmi ni mò ń jẹ ìyà kí iná tó lọ, inú mi máa ń dùn. Ìyẹn ni mo fi ṣòfin. Bí iná bá lọ lẹ́yìn ìsinmi, nígbà tó bá dé, n kò ní tún un gbá fúnra mi. Màá ní kí kọ̀ǹpútà parí rẹ̀, èsì yòówù tó bá mú wá ni mo gbà.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti àbúrò mi jọ ń darí ikọ̀ League Two kan. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn ni, bí a bá borí, a ó wọ inú àwọn tó máa gbá láti gòkè. Òdo sí òdo. Ní ìṣẹ́jú 88, dìfẹ́ńdà wa kan, ọmọ ọdún 18 tí a mú láti inú àwọn ọ̀dọ́ ikọ̀ náà, fẹ́ dá bọ́ọ̀lù padà fún aṣọ́lé, kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Síráíkà wọn já a gbà. Àbúrò mi ti na ọwọ́ sí bọ́tìnnì ẹ̀rọ. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. A jọ jókòó, a wo bí wọ́n ṣe ń yọ̀.

Ipò kẹjọ la parí sí. A ti wà ní sáà kẹta báyìí, ọmọ yẹn ni kápútéènì, tí bọ́ọ̀lù bá sì dé ẹsẹ̀ rẹ̀ nítòsí ilé wa, àwa méjèèjì la máa ń dákẹ́.