Bí A Ṣe Lè Dín Ìpè Fóònù Kù ní Ẹmágẹ́ńsì Láìfi Ẹbí Aláìsàn Sínú Òkùnkùn

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ òru ní ẹmágẹ́ńsì lágbègbè wa níhìn-ín, láti Kàbà títí dé Ìsánlú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, mọ bó ṣe máa ń rí. Bọ́ọ̀sì kan dojú dé lójú ọ̀nà Ọbàjànà, wọ́n gbé èèyàn mẹ́fà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ọ̀sì ń wá iṣan tí yóò fi fa omi sí ọ̀kan lára, fóònù orí tábìlì dún. Ẹ̀gbọ́n aláìsàn ló ń pè láti Èkó. Kò tíì gbé e sílẹ̀ tán tí àbúrò ìyàwó fi pè láti Abuja, lẹ́yìn náà pásítọ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kàwé. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ní: "Ṣé ó ti lajú?"

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Bí a ti ń ṣe ara wa nílẹ̀ Òkun, àwa Yorùbá Kogí, nìyẹn: ẹnì kan kì í ṣàìsàn kí agbo ilé má mì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbé fóònù náà ni ọwọ́ tó yẹ kó wà lára aláìsàn, ọ̀rọ̀ yìí sì dùn mí gan-an. Ohun tí a lè ṣe nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìpè náà. Ẹ lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ fóònù fún ọjọ́ 7. Aago wo ni wọ́n pè? Ta ló pè, ará ilé aláìsàn ni àbí wọ́ọ̀dù? Kí ló fẹ́? Ṣé ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lè dá a lóhùn? Ẹ má kọ orúkọ aláìsàn síbẹ̀. Ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ yìí, torí ohun tí a rò kì í sábà bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Àwa ti gbà pé àwọn ará ìta ló ń dà wá láàmú. Nígbà tí a kà á, inú ọgbà wa gan-an ni ọ̀pọ̀ ìpè ọ̀sán ti ń wá: wọ́ọ̀dù ń béèrè fáìlì, ibi ìpoògùn ń béèrè ohun tí dókítà kọ. Alẹ́ ni ti àwọn ará ilé ń pọ̀.

Ẹ fi ẹnì kan ti fóònù. Nínú ṣífútù kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan tí kò tọ́jú aláìsàn máa gbé e: òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó fáìlì tàbí ẹlòmíràn tí ẹ ti kọ́. Kó lóhùn tútù, kó mọ bí a ti ń kí èèyàn. Ẹni tó bá pè tí kò gbọ́ "Òkun o" tí a fi ń kí ara wa kó tó gbọ́ ìdáhùn yóò rò pé wọ́n lé òun, yóò sì tún pè.

Àwọn àkókò kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe nọ́ọ̀sì sí fóònù rárá: nígbà tó bá ń wọn oògùn, nígbà tó bá ń yẹ àpò ẹ̀jẹ̀ wò kó tó fà á sí èèyàn lára, àti nígbà tí wọ́n bá ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró. Láti 1981 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka ọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́ léèwọ̀ fún awakọ̀ òfuurufú nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀, nísàlẹ̀ ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 10,000. Ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ti aláìsàn mu lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà ó yẹ kí àwa náà ní irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi tépù pupa yí tábìlì oògùn ká. Ẹni tó bá dúró nínú rẹ̀, a kì í pè é.

Ẹ pe ẹbí kí ẹbí tó pè yín. Ibí ni mo gbà pé iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Bí aláìsàn bá ti wọlé, ẹ sọ fún àwọn tó gbé e wá pé kí wọ́n yan ẹnì kan ṣoṣo tí ilé ìwòsàn yóò máa bá sọ̀rọ̀. Kò di dandan kó jẹ́ àgbà ilé. Ẹni tí gbogbo wọn ń gbọ́ tirẹ̀, tí fóònù rẹ̀ kì í kú, ló dára jù. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sójú fáìlì, kí ẹ sì dá aago fún un: "Dókítà á ti yẹ̀ ẹ́ wò tán ní aago mẹ́rin, a ó pè yín." Kí ẹ sì pè é ní aago mẹ́rin lóòótọ́, kódà bí kò bá sí nǹkan tuntun. Ẹ yẹ àdéhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo mọ̀lẹ́bí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ní àwọn abúlé Bùnú tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti dáa, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́; yóò wọlé nígbà tí ẹni náà bá bọ́ sí ibi tí nẹ́tíwọ̀kì wà.

Ẹni tó ń gbé fóònù kò gbọ́dọ̀ ju èyí lọ: "Ó wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, ẹ bá lágbájá sọ̀rọ̀, òun ni a ń ròyìn fún." Bí aláìsàn bá lè sọ̀rọ̀, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ ná. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 dáàbò bo àṣírí aláìsàn, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra jù.

Ẹni tí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó gbé wá tí kò mọ ara rẹ̀ ńkọ́, tí fóònù ń dún lápò rẹ̀? Ẹ gbé e. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó pè kọ́kọ́ sọ ẹni tó ń wá àti bó ti rí, kí ẹ tó jẹ́wọ́ ohunkóhun, kí ẹ wá sọ fún un pé kó máa bọ̀. Bí ẹni náà bá ti kú, ẹ má tú u lórí fóònù fún ẹni tó ń wakọ̀ bọ̀. Dókítà ni yóò sọ ọ́ fún wọn lójúkojú, lórí ìjókòó.

Ẹ ya nọ́ńbà méjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan fún aráàlú, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà. Èkejì, ẹ má kọ ọ́ síta. Ti láàbù ni, àti ti ilé ìwòsàn kéékèèké tó ń gbé aláìsàn bọ̀. Ìpè yìí kò gbọ́dọ̀ dúró. Kí láàbù fi èsì tí kò jẹ́ kánjúkánjú ránṣẹ́ lórí bébà, ṣùgbọ́n èsì tó ń bani lẹ́rù, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni kó gbà á, kó kọ ọ́, kó sì kà á padà sí ẹni tó pè létí. Ẹni tó ń gbé aláìsàn bọ̀, ẹ bi í ní: ta ni, kí ló ṣe é, kí lẹ ti fún un, ìgbà wo lẹ máa dé?

Ti fóònù ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́ kò gùn: ẹ pa ohùn rẹ̀. A kò lè fòfin dè é pátápátá, nítorí òun ni dókítà fi ń pe ọ̀gá rẹ̀ lóru.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún lẹ bébà yẹn fún ọjọ́ 7, kí ẹ fi ìbéèrè kan kún un: ìpè wo ló yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wa tí kò dé? Bí ẹ bá rí ẹyọ kan péré, ẹ wá ibi tó ti há lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ìpàdé oṣù.