Elíìsì Ẹ́ńjìnnì Ìdí Ọkọ̀: Ọkọ̀ Tó Rù Ni Kí Ẹ Fi Yàn Án

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn apẹja ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti àwọn ará ilé wọn

Ìwé kékeré yìí jáde nítorí àwọn ẹ́ńjìnnì tó ń kú lójijì ní etí ọ̀sà wa. Tuntun ni púpọ̀ nínú wọn, gbèsè àwọn mìíràn kò tíì tán lọ́rùn olówó wọn. Nígbà tí a tú wọn, ohun kan náà ni a ń bá nínú wọn: orí písítìnì dúdú fún èédú, ríìngì lẹ̀ mọ́ ojú ihò rẹ̀, ara sìlíńdà ti họ. Àwọn kan ní ẹsáǹsì kpayo tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ló fà á. Àwọn kan ní ẹ́ńjìnnì òde òní kò nípọn mọ́. A tún gbọ́ pé ọwọ́ ayé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo elíìsì, ìyẹn irin eléwé tí ń yí nínú omi ní ìdí ẹ́ńjìnnì láti ti ọkọ̀ síwájú, ti ọkọ̀ fúyẹ́ tí ń sáré kó èrò ni wọ́n so mọ́ ọn, ọkọ̀ igi tó ru àwọ̀n, yìnyín, èèyàn márùn-ún àti ẹja ni wọ́n sì fi ń tì.

A kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń tukọ̀ tàbí bí a ṣe ń da àwọ̀n. Ẹ mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ yé ṣe: ẹ ń fi ọkọ̀ òfìfo dán elíìsì wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin á so elíìsì tuntun mọ́ ẹ́ńjìnnì, òun nìkan á wọ ọkọ̀, á sáré lọ sáré bọ̀ níwájú èbúté, á ní, "Bàbá, èyí ló yára jù." Bàbá á sanwó. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á di ẹrù lé ọkọ̀ náà, ibẹ̀ ni ikú ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà méjì tó wà lára elíìsì

Ẹ wo ara elíìsì dáadáa, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì, bíi 9¼ × 9¾. Íǹṣì ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Íǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ elíìsì láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Nọ́ńbà kejì ni ìgbésẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ibi tí elíìsì ìbá tẹ̀ síwájú dé bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, bí omi kò bá yẹ̀ fún un. Bí ìgbésẹ̀ bá ṣe gùn tó ni omi tí ẹ́ńjìnnì ń tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣe pọ̀ tó. Ọkọ̀ fúyẹ́ lè gba ìgbésẹ̀ gígùn. Ọkọ̀ ẹja kò lè gbà á.

Bí elíìsì àtijọ́ bá ti jẹ dé ibi tí a kò lè ka nọ́ńbà mọ́, ẹ gbé e dání lọ sọ́jà. Ẹ má fẹnu júwe rẹ̀. Eyín inú ihò rẹ̀, tí ń bọ́ sára ọ̀pá ẹ́ńjìnnì, gbọ́dọ̀ bá ti tuntun dọ́gba, kí ẹ kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Iye ìyípo ni kí ẹ wò, ẹ má wo eré

Gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ní iye ìyípo tó yẹ kó dé ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹ bá yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin. Inú ìwé tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ ló wà. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ ẹsáǹsì rẹ̀, yálà ti agbára ẹṣin 15 tàbí 40, láti 4500 sí 5500 ni. Ọkọ̀ yín, pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wọ àárín iye yẹn. Fún ọkọ̀ ẹja, a fẹ́ kó lé ní 5000.

Bí kò bá dé 4500, ìgbésẹ̀ elíìsì gùn jù. Ẹ́ńjìnnì ń gbin, ẹsáǹsì ń wọlé, kò jó tán, èédú ń dì, ooru ń pọ̀. Ọ́ìlì tí ẹ fi kún ẹsáǹsì kò lè gbà á là, èédú ló tún máa fi kún un. Bí ìwé ẹ́ńjìnnì bá ní ọ́ìlì lítà 1 sí ẹsáǹsì lítà 50, ìyẹn mílílítà 20 fún lítà kan, ẹ fi mọ bẹ́ẹ̀.

Bó bá kọjá 5500, ìgbésẹ̀ kúrú jù. Ẹ mú èyí tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ gùn sí i díẹ̀. Èyí kì í sábà ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa.

Etí kò lè ka ìyípo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jiyàn lórí èyí. Aago ìyípo kékeré kan wà tí a ń fi wáyà rẹ̀ wé okùn púlọ́ọ̀gì, ó sì ń kọ nọ́ńbà sójú. Ẹ kọ́kọ́ tò ó sí iye ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì yín ń ta iná nínú ìyípo kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè sọ ìlọ́po méjì tàbí ìdajì fún yín. Kò pọn dandan kí olúkúlùkù ní tirẹ̀. Kí èbúté kan dáwó jọ ra ọ̀kan, kí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́.

Bí ẹ ó ṣe dán an wò

Ẹ di ẹrù tí ẹ máa ń dì lọ́jọ́ tí ẹja bá pọ̀. Bí ẹja kò bá sí lọ́wọ́, ẹ fi àpò yanrìn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ wọn àpò kọ̀ọ̀kan sí kìlò 50. Àwọ̀n tútù ni kí ẹ gbé, nítorí àwọ̀n gbígbẹ kò wúwo tó o. Kí gbogbo èèyàn tí ń bá ọkọ̀ lọ wọ inú rẹ̀. Kí jálá ẹsáǹsì kún.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí afẹ́fẹ́ tó dìde, ni kí ẹ jáde. Ẹ wá ibi tí omi ti jìn ju mítà 2 lọ, níbi tí kò sí àkájà, ìyẹn igi tí wọ́n rì mọ́ inú omi kí ẹja lè sá sí. Ọ̀sà wa kò jìn, bẹ́ẹ̀ ni omi tí kò jìn máa ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ẹ ó wá rò pé elíìsì ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ ka aago. Ẹ yí padà, ẹ gba ọ̀nà kan náà bọ̀, ẹ tún kà á. Ẹ sọ méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì.

Íǹṣì kan tí ẹ bá gé kúrò nínú ìgbésẹ̀ máa ń fi ìyípo bíi 150 sí 200 kún un. Bí aago bá kọ 4300 pẹ̀lú elíìsì tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 12, tí ẹ sì wá sọ̀kalẹ̀ sí 9, ẹ ó wà ní àyíká 4750 sí 4900. Ó ti wọ àyè rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí 8, ẹ mú 8. Tí ẹ bá fẹ́ elíìsì tí fífẹ̀ rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ìgbésẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú ju ti àtijọ́ lọ. Elíìsì tó fẹ̀ tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ kúrú ló mọ ẹrù tì.

Àwọn kan ṣì máa sọ pé 12 á yára ju 9 lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ẹṣin 15 bá yí 5000, elíìsì rẹ̀ á yí nǹkan bíi 2400, torí gíà tó wà nísàlẹ̀. Pẹ̀lú ìgbésẹ̀ íǹṣì 9, ó yẹ kí ọkọ̀ rin kìlómítà 33 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ igi wo ló ru ẹja tó ń sá báyìí? Omi ti gba ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eré tó kù lọ́wọ́ elíìsì 9 ṣì tó ọkọ̀ yín. Èyí tí ẹ lọ rà kún un ní 12, ẹ́ńjìnnì kò lágbára láti yí i, ó kàn ń jẹ ẹsáǹsì ni.

Ọkọ̀ igi tó wúwo tó sì gùn ní mítà 9 lójú omi, nígbà tó bá ti ń rin bíi kìlómítà 13 ní wákàtí kan, omi ti ń ta kò ó gan-an. Kí ẹ dín ọwọ́ ẹ́ńjìnnì kù níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹṣin 15 tí a ń po ọ́ìlì mọ́, tí wọ́n yí dé òpin, lè jẹ lítà 7 ní wákàtí kan. Ti ẹṣin 40 ń súnmọ́ lítà 20.

Kí ẹ tó dá elíìsì lẹ́bi

Ohun méjì máa ń jọ àìsàn elíìsì, wọ́n sì ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn lọ ra èyí tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ gùn jù.

Àkọ́kọ́, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí ọkọ̀ kò sì lọ, ẹ wo bó ṣe ga tó. Pátákó irin pẹrẹsẹ tó wà lókè elíìsì gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tàbí kó lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 2½ sí 5. Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ ló ń fà mu. Ẹ gé igi tí ẹ gbé e kọ́.

Ìkejì ni rọ́bà inú elíìsì. Bó bá ti jẹ, ọ̀pá á máa yí, ewé elíìsì á dúró. Ẹ fi ìṣó fa ìlà kan tó la irin àárín àti irin ìta kọjá. Ẹ fi ọkọ̀ tó rù jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ padà wò ó. Bí ìlà náà bá ti yà, rọ́bà ti lọ nìyẹn.

Irú irin àti iye ewé

Fún ọ̀sà Àjàṣẹ́, àti ọ̀nà omi Totchè títí wọ adágún Nokoué, alumíníọ́mù ni kí ẹ rà. Igi àkájà pọ̀ lábẹ́ omi, ẹ̀ka rẹ̀ kì í sì í hàn nígbà ìkún-omi. Bí alumíníọ́mù bá gbá igi, ewé rẹ̀ ló máa fọ́. Bí irin tí kì í dípẹtà bá gbá igi, ó lè fọ́ gíà inú, owó gíà sì pọ̀ ju ti elíìsì lọ. Ewé mẹ́ta tó fún iṣẹ́ púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ewé mẹ́rin kí ó dín íǹṣì kan kúrò nínú ìgbésẹ̀.

Ewé tó bá ti já ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ẹ má wá fi fáìlì há ìyókù láti bá a dọ́gba. Ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ á jẹ ọ̀pá àti rọ́bà tó dí omi mọ́ gíà.

Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ìyá tí ń fowó ẹsáǹsì sílẹ̀

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa ń mọ̀. Bí ibi kan náà ni wọ́n lọ, tí ẹrù kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹsáǹsì ń pọ̀ sí i, ẹ béèrè elíìsì. Ẹ kọ iye lítà sínú ìwé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jáde. Ọkọ tàbí ọmọ lè sọ pé kò sóhun tó ṣe é, ìwé yín kò ní purọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń so ó

Ẹ kọ́kọ́ yọ okùn púlọ́ọ̀gì, ká má baà gé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi pátákó há àárín ewé elíìsì àti irin pẹrẹsẹ òkè kí elíìsì má yí. Ẹ nu ọ̀pá mọ́, ẹ wo ìdí rẹ̀ fún okùn náílọ̀n tàbí gbòǹgbò koríko orí omi tó wé mọ́ ọn. Náílọ̀n tó bá wé síbẹ̀ á gé rọ́bà, omi á wọ gíà, ọ́ìlì gíà á sì funfun. Ẹ fi gírísì ra eyín ọ̀pá. Ẹ dá wọ́sà padà sí ìhà tí ẹ bá a. Píìnì tuntun ni kí ẹ lò, ẹ tẹ̀ ẹ́ síhà méjèèjì.

Elíìsì àtijọ́ tí ó bá ṣì dára, ẹ má tà á, ẹ fi sínú ọkọ̀ pẹ̀lú píìnì méjì, pílásì kan àti ohun tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Kí ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà elíìsì tó bá ọkọ̀ yín mu, pẹ̀lú iye ìyípo tí aago kọ nígbà tí ọkọ̀ rù, sí igi ìdí ọkọ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó sí, kí ẹni tí ẹ bá rán lọ sọ́jà lè ka ohun tó fẹ́ rà kí ó tó kúrò ní èbúté.