Bí ẹ ṣe máa fi máàpù àti bírò pupa ka ogun Bìáfírà láti ojú omi

Àbúrò mi kan tó ń ṣe asáínmẹ́ǹtì lórí ogun Bìáfírà ló gbé ìwé wá bá mi, gbogbo ohun tó kọ síbẹ̀ ni Nsukka, Enugu, Asaba, sójà ń lọ sójà ń bọ̀. Mo ní ṣé o ò rí omi ni? Ó ní omi wo. Mo ní kó lọ gbé máàpù wá jàre. Ohun tá a jọ ṣe lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, ẹ lè fi wo ogun abẹ́lé míì náà.

Ẹ wá máàpù tó fi etíkun hàn dáadáa. Ẹ gbàgbé àwọn ìlú ńlá ná, ibi tí odò ti ń já sínú òkun ni kẹ́ ẹ máa fi ìka tọ̀ látọ̀dọ̀ Warri àti Sapele títí dé Bonny, títí dé Calabar. Ilẹ̀kùn nìyẹn. Ẹ wo Port Harcourt dáadáa o, kò sí létí òkun gan-an, ọkọ̀ tó bá ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹnu omi Bonny wọlé kọ́kọ́, torí náà ẹni tó bá ti jókòó sí Bonny ti di Port Harcourt lọ́rùn mú, kò tíì yìnbọn kankan níbẹ̀ o.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ilẹ̀kùn, ẹ bi í pé kí ló ń gba ibẹ̀ jáde. Ní Bonny, epo rọ̀bì ni. Nígbà tí Ojukwu kéde Bìáfírà ní 30 May 1967, gọ́fúmẹ́ǹtì Gowon ní kí ọkọ̀ kankan má lọ síbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ fi àwọn ọkọ̀ tó ń gbé epo sílẹ̀, torí owó ni. Àfi ìgbà tí Ojukwu ní òun ni kí àwọn kọ́ńpìnnì epo máa sanwó fún, tí Shell-BP sì fẹ́ fún un ní £250,000 kó kọ́kọ́ gbà ná, ni Èkó, níbi tí gọ́fúmẹ́ǹtì Gowon wà nígbà yẹn, bá ti epo náà pa ní July. Èmi ò rí ibòmíì tó ti hàn tó báyìí pé owó epo ni wọ́n ń bára wọn fà.

Lẹ́yìn náà kí ló ń wọlé? Gbogbo èèyàn máa ń sọ pé ìbọn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ iyọ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ìbọn. Iyọ̀, oògùn, àti ẹja gbígbẹ tí àwọn Ígbò ń pè ní okporoko, látòkè òkun ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí iyọ̀ tán, omi oníyọ̀ ti Uburu àti Okposi ni wọ́n padà sí, wọ́n á bù ú sínú ìkòkò, wọ́n á dáná sábẹ́ ẹ̀ títí omi á fi gbẹ tí nǹkan funfun á kù sísàlẹ̀. Àwa náà mọ irú ẹ̀ o, nígbà ogun Kírìjì, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn kí iyọ̀ àti ẹ̀tù látẹ̀bá òkun má bàa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ wá wo ta ló lọ́kọ̀. Ẹ má kà á bíi pé ti Amẹ́ríkà lẹ ń kà, Néfì Nàìjíríà tí Joseph Edet Akinwale Wey jẹ́ olórí ẹ̀ kéré gan-an, ọkọ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ NNS Nigeria ló ní àtàwọn kéékèèké. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun tó ṣe pàtàkì jù tí Bìáfírà ní ò ju ọkọ̀ ìṣọ́ kékeré kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Néfì, orúkọ ẹ̀ sì ni Ibadan, ẹ gbọ́ ná, Ìbàdàn ló lọ ń jà fún Ojukwu! Ọkọ̀ kékeré tó bá ọwọ́ òfo, àgbà ni.

Ó wá kan bírò pupa. Ẹ fa ìlà sórí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ tó tì sí i. Bonny, ìparí July 1967, Néfì ló kó sójà Benjamin Adekunle, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, débẹ̀. Warri àti Sapele tí Bìáfírà gbà ní August, Èkó gbà á padà ní September. Calabar, October 1967, ọ̀nà Cameroon sì bá a lọ. Port Harcourt, May 1968. Ó parí. Láàárín oṣù 10 gbogbo ilẹ̀kùn ti pupa, bẹ́ẹ̀ ogun ò parí títí di January 1970. Ẹ ka oṣù tó wà láàárín, 20 ni, láìsí omi rárá. Àbúrò mi kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà.

Ó ní ṣebí ọkọ̀ òfurufú ń gbé oúnjẹ lọ. Ó ń gbé e, lóru, láti erékùṣù São Tomé àti Fernando Po (Bioko ni wọ́n ń pè é báyìí), lọ sí Uli ní ilẹ̀ Ígbò níbi tí wọ́n ti sọ títì di pápákọ̀. Ẹ fi bírò búlúù yí Uli ká, torí kì í ṣe ilẹ̀kùn omi. Kẹ́ ẹ wá ṣe ìṣirò yìí: ọkọ̀ òfurufú kan ń gbé bíi tọ́ọ̀nù 10, ọkọ̀ ojú omi tí ò tóbi rárá ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù. Ẹ ṣírò iye ìgbà tí wọ́n máa fò kí wọ́n tó kó ẹrù ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo tán, lábẹ́ bọ́ǹbù, láìtanná, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Uli pẹ̀lú búlúù yẹn.