Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ gba bass kúrò lọ́wọ́ òsì lórí ọ́gáànù

Ẹni tó bá ti mọ piano tẹ̀ máa ń rò pé ẹsẹ̀ ni yóò dààmú òun lórí ọ́gáànù. Ọwọ́ òsì ni. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa tẹ tenor àti bass pọ̀, ìyẹn ohùn méjì ìsàlẹ̀ nínú orin; bass ló wà nísàlẹ̀ jù. Nígbà tí bass bá wá bọ́ sí ẹsẹ̀, ìka ọmọńdinrín á ṣì máa sáré tẹ̀ lé e.

Orin ìlà mẹ́rin, sílébù mẹ́jọ-mẹ́jọ, ni mo mú. Bàtà ṣe pàtàkì: àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, kó ní gìgísẹ̀ díẹ̀. Onírọ́bà máa ń há mọ́ pẹ́dà, àwọn igi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ bọ́ sórí èyí tó kàn. Mo sún àga títí ẹsẹ̀ mi méjèèjì fi sinmi lórí pẹ́dà láìtẹ̀ ẹ́.

Mo fi pẹ́ńsù sàmì sí bass: ^ fún iwájú ẹsẹ̀, o fún gìgísẹ̀, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún lókè nóòtì, ti òsì nísàlẹ̀. N kò wolẹ̀. Pẹ́dà dúdú wà ní méjì-méjì àti mẹ́ta-mẹ́ta. Àlàfo tó là wọ́n láàárín ni ẹ̀gbẹ́ bàtà fi ń mọ ibi tó wà.

Ẹsẹ̀ nìkan ni mo kọ́kọ́ tẹ̀, metronome, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù fún olórin, wà lórí 50 ní ìṣẹ́jú kan. Stop ni ohun tí a ń fà láti yan ohùn ọ́gáànù. Stop 8, tó ń dún gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ ọ́, nìkan ni mo fà fún pẹ́dà. Stop 16 máa ń dún ní octave kan (ìgbésẹ̀ ohùn mẹ́jọ, dò sí dò) sísàlẹ̀ ohun tí a kọ, ìró rẹ̀ á sì bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ó di ìgbà tí orin bá tọ́ kí n tó fi kún un.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ àti ọwọ́ òsì, níbi tí mo ti pẹ́ jù lọ. Mo gbé ọwọ́ òsì lọ sórí àtẹ kejì tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, mo fún un ní stop tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Bó bá ti lọ tẹ bass báyìí, etí á gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Ibi tí bass ti ń gòkè tí tenor sì ń sọ̀ kalẹ̀ ló burú jù. Nóòtì mẹ́ta-mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe, kí n tó so wọ́n pọ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún ló ni soprano àti alto, ohùn méjì òkè; soprano ló wà lókè jù. Ọ́gáànù kò ní pẹ́dà tó ń fa ohùn gùn bíi ti piano: bí ìka bá kúrò, ohùn kú. Ìka kẹta á di nóòtì mú, ìkarùn-ún á rọra bọ́ sórí rẹ̀, ìka kẹta á wá lọ síbòmíràn. Bí soprano bá tún nóòtì kan náà tẹ̀, mo máa ń gbé ìka díẹ̀ kí ìjọ lè gbọ́ ìlù orin náà. Ti alto àti tenor, mo dì í mú.

Ní òpin ìlà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á jọ gbéra kí akọrin lè mí. Ẹsẹ̀ ló sábà máa ń pẹ́, tí bass á fi ku òun nìkan tó ń hó. Nígbà tí mo lè kọ soprano sókè ketekete bí mo ṣe ń tẹ gbogbo rẹ̀, mo gbé metronome sí 60, lẹ́yìn náà 70. Bí ẹsẹ̀ bá dàrú, mo padà sí òun àti ọwọ́ òsì nìkan.