Nígbà tí "ní" àti "ti" bá ṣì wá lọ́nà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Adó-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi tí ó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC kọ "Ekiti State was created in 1 October 1996", olùkọ́ rẹ̀ sì fi bírò pupa fagi lé "in". Nígbà tí ó kọ "in 1996" lásán, wọ́n gbà á fún un. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ òbí, mà. "Ní" kan ṣoṣo ni àwa ń lò fún ọdún, fún ọjọ́ àti fún aago, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ náà fún ọ̀rọ̀ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí àkókò náà ṣe fẹ̀ tó. "In" ló ni ọdún, oṣù àti àsìkò òjò. "On" ló ni ọjọ́. "At" ló ni aago. Bí a bá ti dárúkọ ọjọ́, kódà kí oṣù àti ọdún tẹ̀lé e, "on" ni a gbọ́dọ̀ lò. Ìdí nìyí tí "in the morning" fi ń di "on Monday morning". "At night" yàtọ̀ sí òfin yìí, kí ọmọ kàn kọ́ ọ sórí. Kò sì sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwájú "last Monday" tàbí "next year".

Ìbéèrè: Mo sọ ní ọ́fíìsì pé "I have seen him yesterday", wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé "have" kọ́ ni "ti" ni?

Ìdáhùn: Wọ́n jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. "Mo ti rí i lánàá" kò ní àbùkù kankan ní Yorùbá, nítorí pé ohun tí "ti" ń sọ kò ju pé ọ̀rọ̀ náà ti parí lọ. "Have" ní tirẹ̀ kì í bá àkókò tí ó ti kọjá pátápátá gbé inú gbólóhùn kan. Nítorí náà, "I saw him yesterday" ni. Ṣùgbọ́n "I have seen him today" tọ̀nà, torí pé ọjọ́ òní kò tíì tán. Ẹ bi ara yín pé, "Nígbà wo?" Bí gbólóhùn yín bá dáhùn pé àná, ìjẹta tàbí 1996, ẹ yọ "have" kúrò. (Àwọn tí ó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ náà ń ṣe àṣìṣe yìí; mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.)

Ìbéèrè: "I am living in Ikere since ten years" ńkọ́?

Ìdáhùn: Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. "Since" ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀, "for" sì ń sọ bí ó ti pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ "láti" ni àwa ń lò fún méjèèjì. Nǹkan tí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà kan tí kò sì tíì dáwọ́ dúró ni ó ń fẹ́ "have": "I have lived in Ikere for ten years", tàbí "since 2015". Ẹ ṣọ́ra o: ẹni tí ó bá sọ fún onílé rẹ̀ pé "I lived here for ten years" ti sọ fún un pé òun ti kó jáde.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí a dá fọ́ọ̀mù padà kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ṣé "until Friday" ni?

Ìdáhùn: Rárá, "by Friday" ni. "Until" ni "títí di": ẹ lè dúró sí Ìkẹ́rẹ́ "until Friday", ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ ó dá fọ́ọ̀mù padà.