Bí a ṣe ń so okùn mọ́ ìwọ̀ kí ẹja ńlá má baà já a lọ

Ẹni tó bá ti fi ìwọ̀ pẹja ní Ìwópìn tàbí Mákùn-Omi ní Ìpínlẹ̀ Ògùn mọ bó ṣe máa ń rí: ẹja ńlá gbé ìwọ̀, ọ̀pá tẹ̀, ariwo sọ nínú ọkọ̀, àfi bí okùn ṣe dẹ̀ lójijì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé okùn náà kò lágbára. Èmi kò gbà. Okùn tí kò tíì gbó kì í sábà já láàárín. Ibi tí a ti so ó mọ́ nǹkan mìíràn ló ti ń já tàbí kó yọ: ojú ìwọ̀, ojú swivel (irin kékeré tó ń yí, tí kì í jẹ́ kí okùn lọ́), ibi tí okùn méjì ti pàdé. Gbogbo kókó tí a bá ta ló ń dín agbára okùn kù. Èyí tí a fara balẹ̀ ta á dín in kù díẹ̀, èyí tí a ta wàràwàrà lè dín in kù dé ìdajì. Orí ilẹ̀ la ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí ọkọ̀ tó kúrò létí omi.

Yẹ ohun èlò wò kọ́kọ́

Ẹ fi ìka méjì di okùn mú, kí ẹ máa fà á kọjá láàárín wọn. Ibi tó bá há, tó bá rí gbágungbàgun tàbí tó ti funfun, ẹ gé e sọnù. Apá tó sún mọ́ ìwọ̀ ló máa ń fara gbo igi àti òkúta, nítorí náà kí ẹ gé bíi gígùn apá kan kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ta kókó tuntun.

Ẹ wo ojú ìwọ̀ náà. Ìwọ̀ olówó pọ́ọ́kú mìíràn wà tí ojú rẹ̀ kò pàdé tán. Ẹ fi èékánná wá àlàfo náà. Bí èékánná bá há síbẹ̀, okùn lè gba ibẹ̀ yọ tàbí kí etí irin náà gé e. Ọ̀sà Lẹ́kí tó kan Ìwópìn jẹ́ omi tí kò níyọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ sí etí òkun ní apá ìsàlẹ̀ Ogun Waterside gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ìpẹtà. Ìwọ̀ àti swivel tó ti dípẹtà, ẹ má tún un lò.

Kókó tí mo fọkàn tán jù

Palomar ni wọ́n ń pè é. Ó dára fún náílọ́ọ̀nù, ó sì dára fún okùn híhun tí à ń pè ní bréèdì.

1. Ẹ ṣẹ́ orí okùn po sí méjì, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15.
2. Ẹ ki ibi tó ṣẹ́ po náà bọ ojú ìwọ̀.
3. Ẹ fi okùn oníméjì yìí ta kókó kan ṣoṣo. Ẹ má fà á le. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀ máa rọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀.
4. Ẹ ya ẹnu ihò tó kù ní orí okùn náà, kí ẹ sì gbé ìwọ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá.
5. Ẹ fi itọ́ tàbí omi rin ín dáadáa.
6. Ẹ di okùn méjèèjì mú, kí ẹ fà á díẹ̀díẹ̀ títí kókó á fi sọ̀ kalẹ̀ jókòó sórí ojú ìwọ̀. Ẹ gé etí tó kù, ṣùgbọ́n kí ẹ fi bíi mìlímítà 3 sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni àwọn èèyàn máa ń fojú fò, òun ló sì ń pa iṣẹ́ run jù lọ. Bí a bá fa náílọ́ọ̀nù gbígbẹ le, ìfara-gbora á mú un gbóná, ooru yẹn á sì jẹ ẹ́ lára. Ẹ fara balẹ̀ wo kókó tí a fà ní gbígbẹ, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ ti ń funfun, ó sì ti ká lọ́ọ́lọ́ọ́ létí. Irú èyí kò tó àrọ̀ ńlá kan í jà. Ẹ gé e, ẹ tún un ta.

Síso okùn méjì pọ̀

Bréèdì máa ń yọ̀. Kí ẹ tó ká a sórí rẹ́ẹ̀lì (kẹ̀kẹ́ ara ọ̀pá tí à ń ká okùn sí), ẹ kọ́kọ́ fi náílọ́ọ̀nù díẹ̀ ká ìsàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo okùn náà á máa yí lórí rẹ́ẹ̀lì bí ẹja bá ti ń fà.

Láti so bréèdì mọ́ náílọ́ọ̀nù tó nípọn tó wà níwájú, lápá ìwọ̀, ẹ tẹ́ orí okùn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ fi orí bréèdì ṣe òbìrípo kan, kí ẹ fi ká okùn méjèèjì nígbà mẹ́jọ láti inú òbìrípo náà. Ẹ fi orí náílọ́ọ̀nù ṣe bákan náà láti òdìkejì, ṣùgbọ́n ẹ ká a nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún nítorí ó nípọn. Ẹ rin ín, ẹ fa kókó kọ̀ọ̀kan le, kí ẹ tó wá fa okùn méjèèjì kí àwọn kókó lè pàdé.

Bí náílọ́ọ̀nù náà bá nípọn ju ti kílò 45 lọ (ìyẹn ìwọ̀n tó lè gbà kó tó já), kókó kì í fẹ́ jókòó dáadáa mọ́. Páìpù irin kékeré ni ká ki orí okùn náà bọ̀, ká gba ojú ìwọ̀ kọjá, ká dá a padà sínú páìpù, ká wá tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí ihò rẹ̀ sì bá okùn náà mu gẹ́lẹ́. Pílàyà tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ lò, torí pílàyà lásán máa ń gé okùn nínú. Ẹ má tẹ etí páìpù náà méjèèjì, àárín ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ fi láítà jó orí okùn tó yọ síta kó lè di kókó roboto tí kò ní jẹ́ kó sá padà.

Ẹni tó ń lépa kútà tàbí àkurákudà nílò wáyà níwájú ìwọ̀. Eyín wọn ò mọ kókó dáadáa.

Swivel àti ìsopọ̀ oníbọ̀tìnnì

Ìwọ̀nba ni kí ẹ lò ó. Ìsopọ̀ tó ń ṣí, tó ń tì, rọrùn láti fi pààrọ̀ ìwọ̀, ṣùgbọ́n ẹja ńlá lè tẹ̀ ẹ́ títí á fi ṣí. Ohun yòówù tí ẹ bá fi sáàárín okùn gbọ́dọ̀ lágbára ju okùn fúnra rẹ̀ lọ.

Dán an wò

Ẹ fi ìwọ̀ kọ́ igi tàbí òpó tó dúró gírí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí ẹ fà á láìjáwọ́. Ẹ má fi okùn wé ọwọ́ láé, bréèdì lè gé ìka. Ẹ so òṣùwọ̀n àfọwọ́dìmú mọ́ orí okùn kí ẹ tún bíréèkì rẹ́ẹ̀lì (ohun tó ń pinnu bí ẹja ṣe gbọ́dọ̀ fà tó kí okùn tó tú jáde) ṣe: ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára okùn ló tọ́. Bí okùn bá jẹ́ ti kílò 24, bíréèkì á jẹ́ kílò 6 sí 8. Ẹni tó bá há a ju bẹ́ẹ̀ lọ ń fi gbogbo ìwúwo ẹja náà sórí kókó.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mú ẹja ńlá kan, ẹ gé kókó náà kí ẹ tún un ta, bó tilẹ̀ rí bíi pé kò ṣe é. Bí ẹja bá sì já lọ, ẹ má jù okùn nù kí ẹ tó yẹ orí rẹ̀ wò. Bó bá lọ́ pọ̀ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, kókó ló yọ: ẹ fi kún iye ìgbà tí ẹ ń ká a, tàbí kí ẹ yí kókó padà. Bó bá já gẹ́rẹ́ bíi pé ọ̀bẹ gé e, eyín ni, wáyà ló kù. Bó bá hó lára, òkúta tàbí igi ló há a, ẹ lo náílọ́ọ̀nù tó nípọn sí i níwájú. Bó bá sì já ní ojú kókó gan-an, gbígbẹ ni ẹ fà á, tàbí kí okùn kan gun orí ìkejì nínú kókó náà.